Òjò Kọ́ Ni Ọ̀tá Àwọn Ọmọ Wa

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àwa òbí òde òní ti fún un ní ìtumọ̀ tí àwọn àgbà kò fi síbẹ̀. “Pa” tí wọ́n sọ, kí ara ènìyàn rin gbingbin ni. Àwa ti sọ ọ́ di “pa” tí a fi ń gbẹ́ sàréè.

Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú díẹ̀ ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, ariwo kan náà ni à ń gbọ́ láti ojúlé dé ojúlé: “Ẹ wọlé o! Ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù pa yín ni?” A ó sáré ti fèrèsé, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó wọ ṣúẹ́tà méjì fún ọmọ ọwọ́, a ó dé e ní fìlà onírun títí a kò fi ní rí ju imú rẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ìyá wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Yàrá á gbóná, atẹ́gùn ibẹ̀ á dì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ní ọjọ́ kẹta, òjò ni a ó dá lẹ́bi. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni ó ti ń wúkọ́ nínú yàrá náà kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní ẹsẹ̀ méjì: òjò àti òtútù kọ́ ni ó ń pa àwọn ọmọ wa. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ń tọ́ka sí wọn, ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá. Ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí a wọ aṣọ tó yẹ fún, tí àgbàlagbà sì ń ṣọ́, lè jáde nínú òjò wẹliwẹli, kí ó ṣeré, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sì padà wọlé ní àlàáfíà. Ohun tó yẹ kí a máa sá fún wà níbòmíràn, a kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àìsàn tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní pneumonia, “òtútù àyà” ni àwa ń pè é. Orúkọ náà ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó la ẹnu. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni orúkọ àìsàn tàn jẹ rí. Àwọn ará Ítálì ni wọ́n sọ ibà ní malaria, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn sì ni “afẹ́fẹ́ búburú”, nítorí wọ́n gbà pé òórùn àbàtà ni ó ń fà á. Ó di ọdún 1897 kí Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Afẹ́fẹ́ kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ òtútù àyà rí. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, ìyẹn bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì, ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, tí omi àti ọyún á fi kún ibi tó yẹ kí atẹ́gùn wà. Ẹnu àti imú ènìyàn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Kò sí èyí tó ń bá òjò rọ̀ láti ọ̀run.

Àìsàn náà kì í ṣe ohun eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí òtútù àyà pa káàkiri ayé lé ní 740,000. Nínú 100 ọmọ tó kú ní ọjọ́ orí yẹn, ti 14 jẹ́ ti àìsàn yìí. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti ń pa ọmọ jù lọ. Ẹ wá jẹ́ kí a ronú: bí ó bá jẹ́ pé òtútù ni ó ń fà á, ṣé kì í ṣe Norway, Finland àti Kánádà ni ì bá máa sin ọmọ jù lọ? Báwo ni òtútù ṣe fi ibi tí omi ti ń dì sílẹ̀, tí ó wá ń pa ọmọ ní ibi tí oòrùn ti ń jó wa lórí?

Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ yìí kò wádìí rẹ̀ lórí àga. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àwọn olùwádìí ṣọ́ àwọn ará Longyearbyen ní erékùṣù Spitsbergen, ní àríwá réré ayé, níbi tí òkun ti máa ń dì tí ọkọ̀ kankan kò fi ní lè gúnlẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọ̀gìnnìtìn. Láàárín òtútù burúkú yẹn, ọ̀fìnkìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láàárín wọn. Ìgbà tí yìnyín yọ́, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé, ni ọ̀fìnkìn tó gba ìlú kan. Òtútù ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àlejò tó gbé kòkòrò wá ni kò sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, wọ́n dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ nítòsí Salisbury ní ọdún 1946 nítorí ọ̀fìnkìn nìkan. Wọ́n mú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n ní kí wọ́n wẹ omi gbígbóná, kí wọ́n sì wá dúró sí ojú atẹ́gùn tútù pẹ̀lú omi lára. Òtútù nìkan kò dá ọ̀fìnkìn sí wọn lára.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fi ìwádìí ti Cardiff dá mi lóhùn. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ìlú náà tẹ àbọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 180 ènìyàn jáde. Wọ́n ní kí ìdajì wọn ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún ogún ìṣẹ́jú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó sọ pé imú ń ṣàn, pé ọ̀nà ọ̀fun ń dun àwọn, pọ̀ nínú wọn ju nínú ìdajì kejì lọ. Ó tọ́ kí a gbé e yẹ̀ wò, nítorí ẹni tó bá ń fi apá kan òtítọ́ pamọ́ kò yàtọ̀ sí òpùrọ́. Ṣùgbọ́n àlàyé tí àwọn olùwádìí náà fúnra wọn ṣe kò gbe òtútù lẹ́yìn bí a ṣe rò. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti wà nímú àwọn ènìyàn náà tẹ́lẹ̀, kí òtútù kàn fún un láàyè láti dìde. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ pẹ́ nínú aṣọ tó rin: bí ó bá ti wọlé, kí a bọ́ ọ, kí a nù ún gbẹ, kí a wọ òmíràn fún un. Ìyẹn jìnnà sí kí a ti ọmọ mọ́lé láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá.

Níbo wá ni ewu wà? Inú obì ni kòkòrò tó ń jẹ obì ń gbé. Bí òjò bá dé, ìdáná tí à ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé tàbí lójúde, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ń gbé e wọ̀. Igi, èédú tàbí ṣítóòfù elépo á máa rú èéfín, fèrèsé á sì wà ní títì nítorí òtútù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní gbangba pé èéfín inú ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ewu òtútù àyà di ìlọ́po méjì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn mìíràn á tún gbé ẹ̀rọ amúnáwá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò má baà pa á. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Ìdílé tó sùn tì í lálẹ́ lè má jí mọ́. Ẹ̀rọ ni òjò kò gbọdọ̀ pa. Àwọn ọmọ ni a fi dúró dè é.

Ẹ fi èrò kún un. Kíláàsì tí àádọ́rin ọmọ jókòó sí, tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí òjò. Dáńfó tí wọ́n ti pa, tí èémí ènìyàn ti bo gíláàsì rẹ̀. Yàrá kan tí ènìyàn méje ń sùn sí. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti ń fò láti ẹnu dé ẹnu. Ìdí kan nìyí tí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn fi ń pọ̀ nígbà òjò. Òjò lé wa jọ sójú kan, àwa ni a sì pín kòkòrò fún ara wa.

Èyí tó burú jù ni ohun tí ìbẹ̀rù òtútù ń mú wa ṣe fún ọmọ tí ara rẹ̀ ti ń gbóná. Ọmọ ń gbọ̀n nítorí ibà, a ní òtútù ni. A gbé aṣọ nípọn lé e, a gbé òmíràn lé ìyẹn, ooru ara rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà jáde. Bí gìrì bá wá mú un, a tún ní òtútù ni, bẹ́ẹ̀ ara gbígbóná ni ó sábà máa ń fa gìrì àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn kan á sáré lọ bu àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, wọ́n á rọ ọ́ sí ọmọ tí kò mọ ibi tí ó wà lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń kìlọ̀ pé àgbo yìí máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ọ̀run tàbí kó ba ọpọlọ wọn jẹ́. Èmi kò bú ìṣègùn àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá ń lé òtútù tí kò sí níbẹ̀, ọmọ tó wà níbẹ̀ ni yóò lé lọ.

Kí ni ọmọ tí a tì mọ́lé ń pàdánù? Ó ń pàdánù ìsáré, ìfò, ìjà àti ìparí ìjà, gbogbo ohun tó ń sọ egungun àti ọgbọ́n orí di alágbára. Ó ń pàdánù ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú pàápàá, ìmọ́lẹ̀ òde fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti iná yàrá lọ, ojú ọmọ sì nílò rẹ̀. Ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n lo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 12 fún ìwádìí kan tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Ní mẹ́fà nínú wọn, wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú kún àkókò tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń lò níta lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 30 nínú 100 ọmọ wọn ni kò rí ọ̀nà jíjìn dáadáa mọ́. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kò ti fi nǹkan kan kún un, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Àwa tí a ń ra awò ojú fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí a sì ń fi fóònù rọ ọ́ lẹ́kún nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí ó yé wa.

Ní Denmark, Norway, Sweden àti Finland, àṣà ni kí wọ́n tẹ́ ọmọ ọwọ́ sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí wọ́n bò ó dáadáa, kí ó sì sun oorun ọ̀sán rẹ̀ níta, nígbà tí yìnyín wà nílẹ̀ pàápàá. Wọ́n máa ń pa á lówe pé kò sí ojú ọjọ́ tí kò dára, aṣọ tí kò dára ni ó wà. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ tẹ́ ọmọ sí ojúde ní Mushin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwa ń pè ní òtútù: ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ jù ní Èkó, ó ṣòro kí ó lọ sílẹ̀ ju dígírì 22 lọ. Ní Copenhagen, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń bọ́ ẹ̀wù lọ sí etí òkun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester náà. Òtútù tibẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán, aṣọ tó nípọn sì ṣe pàtàkì. Síbẹ̀, ọmọ tí a ń gbé láti inú ilé sínú mọ́tò, láti inú mọ́tò sí kíláàsì, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, kò rí ayé. Ẹ wọ aṣọ òjò àti bàtà òjò fún un, kí ó lọ fẹsẹ̀ gbá omi ní pápá. Kí ẹ sì rántí pé láàárín àwọn oṣù wọ̀nyẹn, oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti fún ara ní fítámì D, pàápàá ara dúdú bíi tiwa. Ìdí nìyí tí ìjọba ibẹ̀ fi gbà wá níyànjú pé kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa gba máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́. Eré òde kò gba ipò oògùn yẹn, oògùn náà kò sì gba ipò eré.

Ṣé òjò kò wá ní ewu rárá ni? Ó ní, ó sì le. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn, ó sì gbé ẹni tó pọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya ìlú kan náà, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Ní ọdún 2022, ìkún omi pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé ohun tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé wọn. Ohun tó pa àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òtútù. Gọ́tà tí kò ní ìdérí ni. Odò tí a fi ìdọ̀tí dí ni. Ilé tí ẹnì kan fọwọ́ sí pé kí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi ni. Nígbà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá jìn sínú kọ̀tò tí omi ti bò mọ́lẹ̀, tí a bá sọ pé “òjò ló gbé e lọ”, a ti tú àwọn tó jẹ̀bi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òjò kò gba owó orí lọ́wọ́ wa. Òjò kò gba owó kọngílá láti ṣe gọ́tà tí kò parí.

Ọdọọdún ni à ń pariwo “omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù”, tí òjò bá sì ti dáwọ́ dúró, ariwo á dáwọ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bí gbogbo agbára tí à ń lò láti fi lé ọmọ wọlé bá jẹ́ èyí tí à ń lò láti béèrè ìdérí gọ́tà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn òpópónà wa ì bá ti dára jù báyìí lọ. Kí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà gbọ́: ẹ má ṣe tú ọmọ sílẹ̀ sí ojú ọ̀nà nígbà tí òjò ńlá ń rọ̀ lọ́wọ́. Bí àrá bá ń sán, kí gbogbo ọmọ wà lábẹ́ òrùlé. Omi tó ń ṣàn kọjá ojú títì kì í ṣe ibi eré, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́ òpó iná tí wáyà rẹ̀ ti já.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí òtútù jẹ́ ọ̀tá wọn ní tòótọ́. Ọmọ tuntun jòjòló, pàápàá èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Àyà ìyá rẹ̀ ni ilé rẹ̀, kí awọ ara kan awọ ara. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òjò pa òun, nítorí òtútù lè dá ìrora sí egungun rẹ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée náà nílò ìṣọ́ra. Tiwọn kò yí òfin padà fún gbogbo ọmọ, gẹ́gẹ́ bí a kò ti lè torí pé ẹnì kan kì í jẹ ẹ̀wà kí a fi òfin de ẹ̀wà nílùú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a gbé ìbẹ̀rù wa lọ sí ibi tó ti wúlò. Ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, nínú èyí tí ti bakitéríà tó ń fa òtútù àyà wà; láti òpin ọdún 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ. Fèrèsé tó ṣí, èéfín tó jáde. Bí ọmọ bá sì ń wúkọ́, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò sunkún. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tàbí 50 fún ọmọ oṣù méjì sí ọdún kan, tàbí 40 fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, tàbí bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń jìn wọnú, tàbí bí kò bá lè mu ọmú mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de àgbo, ẹ má ṣe dúró kí òjò dá.

Nígbà tí ọ̀wààrà bá sì ti kọjá, tí ó bá ku wẹliwẹli, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Kí ọmọ jáde lọ rí bí ìgbín ṣe ń rìn lórí ewé tútù, kí ó gbọ́ òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Eji á pa á, a ó nù ún gbẹ, kò sí ohun tí yóò ṣe é.